Ohun tí ojú mi rí lórí ejìnrìn

Aago méjì òru ni màmá mi, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, pè mí. Ohùn wọn ń lọ́ bí ti ẹni tó mutí yó, bẹ́ẹ̀ wọn kì í mutí. Kí n tó dé yàrá wọn, òógùn ti mú kí aṣọ wọn rin gbingbin, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúkọ àbúrò wọn ni wọ́n sì fi ń pè mí. Mo gún wọn níka, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbé 48 (mg/dL) jáde. Bí ó bá ti wá sábẹ́ 70, ṣúgà ti já nìyẹn. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, mo bá yára po ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́rin mọ́ omi fún wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó di 63. Mo tún po òmíràn, ó di 94. Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀ ti mọ́ bá wa.

Ìgò kan ló fà á. Ẹni tó tà á ní ògidì omi ejìnrìn ni, kí màmá máa mu ife kékeré kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ife wo? Kò sẹ́ni tó bi í. Àwòrán ewé ló wà lára ìgò náà. Kò sí iye gíráàmù, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Owó tí mo ná lọ́sẹ̀ yẹn, àti ti ilé ìwòsàn àti ti strip ẹ̀rọ, ìlọ́po ìlọ́po owó ìgò ni. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Dókítà bi wọ́n ohun tí wọ́n mu. Wọ́n ní àwọn ò mu nǹkan kan. Èmi ni mo gbé ìgò jáde nínú báàgì.

“Ìwọ ọmọ yìí, ewé ni mo mu, n ò mu májèlé.”

“Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń lo glibenclamide pẹ̀lú metformin!”

Oògùn àtọ̀gbẹ ni méjèèjì. Glibenclamide máa ń fipá mú ara tú ínsúlínì, èròjà tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, jáde. Bí ohun mìíràn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ bá tún gùn ún, òru bí irú èyí kò jìnnà. Dókítà yọ glibenclamide kúrò, ó fi metformin sílẹ̀, ó sì ní bí wọn kò bá lè fi ejìnrìn sílẹ̀, ife kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Màmá ní àwọn ò lè fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣe ejìnrìn nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n han apòògùn. Mo ní ṣebí inú ewé ni metformin fúnra rẹ̀ ti wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Galega officinalis ni wọ́n ń pe ewé náà, ṣùgbọ́n galegine, èròjà inú rẹ̀, le jù fún ara èèyàn. Metformin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Faransé ní 1957, iye mílígíráàmù kan náà ló wà nínú hóró tòní àti tọ̀la. “Tiyín ńkọ́? Mélòó ló wà nínú ife màmá?” Mo panu mọ́. Ó tún bi mí bóyá ewé nìkan ló wà nínú ìgò yẹn. Ní Singapore lọ́dún 2008, oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi glibenclamide lú. Àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá ni ṣúgà wọn ń já.

Jíjá ewé àti fífọ̀ ọ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Kóró rẹ̀ ni mo dà nù pátápátá, torí vicine, èròjà kan inú rẹ̀, lè ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lára ẹni tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára rẹ̀. Aláboyún náà kò gbọdọ̀ fẹnu kan ejìnrìn.

Gbígbẹ ewé ló fẹ́ yọ ẹ̀mí mi. Omi inú ewé tútù kì í dọ́gba: èyí tí o já lẹ́yìn òjò wúwo lásán, omi ni o ń wọ̀n. Àfi kó gbẹ kí òṣùwọ̀n tó lè sọ òótọ́. Ti àkọ́kọ́, mo kó o jọ nípọn sórí àpò nínú yàrá. Ní ọjọ́ kẹta mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó móoru bí ìgbà tí èèyàn ń ṣàìsàn ibà, ó ti bu, funfun bí òwú. Mo dà á nù. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo sá a sínú oòrùn gangan. Ó gbẹ kíákíá, àmọ́ ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, apòògùn sì ní oòrùn líle lè ba ohun tí mò ń wá nínú rẹ̀ jẹ́. Mo tún dà á nù. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyẹn, màmá sì ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá mò ń dúró de kí wọ́n kú ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí nẹ́ẹ̀tì ní ibòòji, mò ń yí i láàárọ̀ lálẹ́, mo sì ń wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́: 200 gíráàmù, 71, 38, 33. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, 33 náà. Mo pariwo! Omi ti tán nínú rẹ̀. Bí mo bá tún máa ṣe é, òṣùwọ̀n ni màá kọ́kọ́ rà, kí n tó já ewé kan ṣoṣo.

Mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, mo sẹ́ ẹ. Mi ò ní kọ iye tó ń wọ ife síbí, torí ara màmá mi ni a wọ̀n ọ́n fún, lójú dókítà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a kọ́kọ́ fi yẹ ṣúgà wò láìmu ejìnrìn rárá (wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta), kí a lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Láàárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, àròpín rẹ̀ jẹ́ 158. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ó di 151. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé 212, ọkàn mi já. Àṣé wọ́n ti kó ṣúgà sínú agolo kí n tó dé, ó sì kù lára ìka wọn. Wọ́n fọwọ́, ó di 149. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi àròpín ṣúgà bí oṣù méjì sí mẹ́ta hàn, ti kúrò ní 7.9% bọ́ sí 7.6%. Ṣé ejìnrìn ni? A tún ń rìn nírọ̀lẹ́ nígbà yẹn, mi ò lè búra. Àtúnyẹ̀wò tọdún 2012 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, náà kò rí ẹ̀rí tó tó lórí ejìnrìn àti àtọ̀gbẹ oríṣi kejì.

Màmá ní tèmi kò korò tó ti inú ìgò, torí náà kò lágbára tó o. Wọ́n ní kí n má da ìyókù ìgò yẹn nù. Mo ti dà á nù láti oṣù tó kọjá. Tèmi ni mo rọ sínú rẹ̀.