Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ẹ̀tọ́ Láti Sọ̀rọ̀

“Òfin fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀!” Lásìkò ìbò ní Adó-Èkìtì, ọ̀dọ́ tí onílé ní kó má lẹ pósítà mọ́ ògiri òun ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ni òfin yẹn ń kì lọ́wọ́ wọ̀ pé kó má pa wá lẹ́nu mọ́ láìtọ́. Kò sọ ògiri onílé di tiwa. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn láìtọrọ àyè, ẹ má sì gbé sípíkà wọ ọgbà onílé. Bó bá ní kí ẹ jáde, ẹ jáde. Títì ìjọba, bíi agbègbè Fájuyì, yàtọ̀: ìjọba kò lè lé yín níbẹ̀ kìkì nítorí pé ọ̀rọ̀ yín bí i nínú.

Àwọn onílé àti onísọ́ọ̀bù náà máa ń ṣàṣejù. Wọ́n lè ní kí èèyàn jáde. Wọn kò lè gbá a létí, wọn kò lè já fóònù gbà, wọn kò sì lè tì í mọ́lé títí yóò fi pa fídíò tó yà rẹ́. Bó bá kọ̀ tí kò jáde, ọlọ́pàá ni kí wọ́n pè.

Bí ádímínì bá yọ yín kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp ọmọ ìlú, kò tẹ ẹ̀tọ́ kankan lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook tó pa ohun tí ẹ kọ rẹ́. Ẹ ti gba òfin wọn kí ẹ tó wọlé. Kí ìjọba fúnra rẹ̀ ti Twitter pa, bó ti ṣe ní oṣù kẹfà 2021, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kóòtù ECOWAS sì sọ ní 2022 pé kò bófin mu.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.” Ẹnì kan ya fọ́tò ìsọ̀ ìyá onígàárì ní Ọjà Ọba, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé májèlé ló ń tà. Ẹ fi ṣọwọ́ sí gúrúùpù mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà ti sá fún un. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin náà ti bà á lórúkọ jẹ́, pípa á rẹ́ kò sì ràn yín lọ́wọ́, nítorí ẹlòmíràn ti ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sì lè rán ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ tó lè da ìlú rú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ní oṣù kejìlá 2024, wọ́n mú agbẹjọ́rò kan láti Èkó wá sí kóòtù ní Adó-Èkìtì, wọ́n ní ohun tó kọ sínú ìwé ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́. Oṣù kìn-ín-ní 2025 ni olùpẹ̀jọ́ tó yọwọ́. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí ọlọ́pàá dá sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ pe ẹjọ́ gba owó ìtanràn ti tó. Àmọ́ títí òfin yóò fi yí padà, ẹ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ gómìnà bó ti wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má pe ẹnikẹ́ni lólè tí ẹ̀rí kò bá sí lọ́wọ́ yín.