Ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ owó ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ṣì ń ká mi lára. Owó tí mo ná lórí wíwá ìwé ìròyìn oṣù kan ṣoṣo, oṣù Keje ọdún 1945, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo fi tẹ odidi ìwé náà jáde.

Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ló ní kí n bá àwọn kọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Lokó, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ni bàbá tèmi náà ti ṣiṣẹ́, mi ò lè sọ pé rárá. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ní yóò tó. Kò tó.

Apá ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá gbé Railway Compound rí ti gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi kún: bí àwọn aláṣẹ rélùwéè ṣe sọ owó iṣẹ́ di ti wákàtí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí èèyàn á jí lọ síbi iṣẹ́ láìmọ iye tó máa mú bọ̀ wálé, tí ìbínú yẹn sì bí ẹgbẹ́. Òfin 1938 gbà kí òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́, wọ́n sì forúkọ tiwọn sílẹ̀ ní 1940. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà, tó wọ rélùwéè ní 1929, ni olórí wọn. Ní 1941, Ogun Àgbáyé Kejì ti gbówó lé gbogbo nǹkan lọ́jà. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn wákọ́ṣọ́ọ̀pù mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ síta, ni àwọn náà bá kọrí sí Carter Bridge, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé gómìnà. Gómìnà Bourdillon fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ẹjọ́ wọn. Mo kọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ má bínú pé mo ń yin ara mi. Nígbà tí mo kà á sókè fún àwọn bàbá, ńṣe ni ọ̀kan nínú wọn dìde dúró.

Ní 1943 wọ́n lé Imoudu kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi í sí àhámọ́, wọ́n sì lé e lọ sí Auchi. Ó padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945, èrò sì tú jáde pàdé rẹ̀. Oṣù náà kò tíì parí tí ìyanṣẹ́lódì gbogbo gbòò fi bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ 17, òṣìṣẹ́ tó ju 30,000 lọ. Owó àfikún nítorí ọ̀wọ́n ọjà ni wọ́n ń jà fún. Ọkọ̀ ojú irin dúró.

Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta lójoojúmọ́ nígbà yẹn: ibi tí wọ́n ti ń pàdé, ẹni tó sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìwé ìròyìn West African Pilot ti Azikiwe ló yẹ kó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ ló wà. Mo gba ilé ìpamọ́ ìwé kan lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo san owó ìwọlé, mo san owó ìwákiri, wọ́n já rìsíìtì fún mi. Oṣù Kẹfà jáde, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Oṣù Keje lọ fún ọjọ́ díẹ̀, ó dúró gbagidi.

“Wọ́n ti kó ìyókù lọ síbi tí wọ́n ti ń di ìwé, sà. Ẹ padà wá.” Akọ̀wé ibẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo padà lọ. Wọ́n ní kí n fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ tó máa gun àkàbà. Mo fi sílẹ̀. Wọ́n tún ní ó lè wà ní yàrá kejì, owó ìwákiri mìíràn nìyẹn, èyí kò sì ní rìsíìtì. Ọ̀gá wọn ní kí n lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mo gbà á. Wọ́n ní lẹ́tà náà kò ní òǹtẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn arúgbó tó ń pàdé lábẹ́ igi, òǹtẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ ní? Àpò ara mi ni mo ti yọ owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Bàbá kan tí wọ́n bí sí Compound ló gbà mí. Mo ń ráhùn fún wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́? Ìjọba ti tì í pa!” Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1945, ìjọba òyìnbó fòfin de Pilot àti Daily Comet, ìwé ìròyìn Azikiwe mìíràn, nítorí ìyanṣẹ́lódì náà. Southern Nigeria Defender, ìwé ìròyìn rẹ̀ mìíràn, ni Azikiwe gbé láti Warri wá sí Èkó kí ẹnu rẹ̀ má baà pa dé. Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ mi pé àwọn ń wá! Èèyàn tó ń jókòó ti ìwé wọ̀nyẹn láti àárọ̀ dalẹ́ yẹ kó mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ sọ fún akọ̀wé náà, ó ní, “Ẹ ò ṣe tètè sọ, sà?”

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọ̀nà yìí, Defender ni kó béèrè fún, kó sì wá ìròyìn ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba ní kó yẹ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà wò, tó ní kí wọ́n fi 50% kún owó àfikún náà. Daily Times kò sí lára àwọn tí wọ́n tì. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ṣọ́ ọ. Ẹ má san owó tí kò ní rìsíìtì. Àti pé kí ẹ tó lọ síbi fáìlì kankan, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn àgbà.

Atẹ̀wé náà ṣe tirẹ̀, ó jẹ gbogbo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ mi tán, a tún un tẹ̀. Àríyànjiyàn tún wà lórí iye ọjọ́ tí ìyanṣẹ́lódì náà gbà: àwọn kan ní 37, àwọn kan ní 44. Mo kọ méjèèjì síbẹ̀, àwọn bàbá ṣì ń jà lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí mo ń wá kiri nínú fáìlì, ẹnu ìyá àgbà kan ní Ọ̀yìngbò ni mo ti bá a. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn nígbà náà, wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá tó bí ìyá àgbà yìí ń ta gàrí. Ó ní àwìn ni ìyá òun ń tà fún àwọn ará lokó títí ìyanṣẹ́lódì fi parí, ó sì dárúkọ àwọn ìdílé tí kò tíì san án títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó ní kí n kọ ìwé náà.