Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ó Ń Ba Àwo Orin àti Ẹ̀rọ Onífáàfù Jẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, láti Ìtòkò títí dé Ìbàrà, ni àpótí àwo orin àtijọ́ ṣì wà, tí àwọn ọmọ ń tú u jáde lẹ́yìn àwọn òbí wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń béèrè pé ṣé wọn yóò tà á. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn tó fẹ́ràn orin jù lọ ló ń ba àwo jẹ́ jù, nítorí ara wọn kì í balẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ohùn Àyìnlá Ọmọwúrà lálẹ́ ọjọ́ tí àwo dé ọwọ́ wọn gan-an. Àwo tí Àyìnlá ṣe fún EMI kí ó tó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Bí abẹ́rẹ́ bá fá ìlà orin rẹ̀ lónìí, kò sí ọgbọ́n kankan tí a lè fi dá a padà.

Àṣìṣe kan máa ń ṣẹlẹ̀ kí àwo tó dé orí ẹ̀rọ rárá, níbi tí a ti ń so ẹ̀rọ mọ́ iná. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló ń wá láti Amẹ́ríkà tàbí Jàpáànù. Fóòtì 120 ni iná Amẹ́ríkà, 100 ni ti Jàpáànù, tiwa níhìn-ín sì wà láàárín 230 àti 240. Ẹni tó bá ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ iná wa tààrà yóò jó o, àṣìṣe yẹn kò sì fara sin fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó fara sin ni ti ẹni tó fi tiransifọ́mà (ohun tó ń dín fóòtì iná wa kù) tí a ṣe fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tan ẹ̀rọ Jàpáànù. Ẹ̀rọ náà yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò máa gba iná tó ju èyí tí a ṣe é fún lọ, ooru yóò sì máa jẹ ẹ́ nínú. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n kọ iye fóòtì sí, kí ẹ tó sanwó tiransifọ́mà.

Ọ̀rọ̀ fóòtì ṣì rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Hz, nítorí tiransifọ́mà kò lè ṣe ohunkóhun sí ìyẹn. Iná Amẹ́ríkà ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni 60 Hz. Tiwa ń lọ ní ìgbà 50. Àwọn ẹ̀rọ ayíwo kan wà, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tó ń fi bẹ́líìtì tàbí àgbá rọ́bà kékeré yí àwo, tí ìyára mọ́tò wọn ń tẹ̀lé iye ìgbà yìí gẹ́lẹ́. Bí a bá gbé irú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà láìtún un ṣe, àwo tó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan yóò máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28. Ohùn akọrin yóò wúwo, ìlù yóò falẹ̀, ojú àwo tó yẹ kí ó gba 20 ìṣẹ́jú yóò sì gba 24. Mo ti gbọ́ àpàlà lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé ẹnìkan tó gbà tọkàntọkàn pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn.

Ìdánwò rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ lẹ bébà funfun kékeré kan mọ́ etí àwo tí ẹ kò kà sí, ẹ jẹ́ kí ó máa yí, kí ẹ sì fi aago fóònù ka iye ìgbà tí bébà náà bá kọjá níwájú yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó gbọ́dọ̀ pé 100. Bí ó bá jẹ́ 83, ọ̀rọ̀ Hz ni. Púlì kékeré tó wà lórí mọ́tò ni a máa ń pààrọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún 50 Hz, tó tóbi díẹ̀ ju ti 60 lọ. Garrard àti Dual ṣe oríṣi méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn. Àwọn kan a máa fi téèpù wé púlì kí ó lè tóbi, ṣùgbọ́n ooru mọ́tò yóò tú téèpù náà, ohùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn ẹ̀rọ tí mọ́tò wọn ń yí àwo tààrà, bíi Technics SL-1200 tó jáde ní ọdún 1972, kò ní ìṣòro yìí bí fóòtì bá ti bá wọn mu, nítorí Hz iná ilé kọ́ ló ń pinnu ìyára wọn.

Orí abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé jù lọ, nítorí òun nìkan ló ń fara kan ìlà orin. Nígbà tí àwo bá ń fò, tí orin sì ń pa ibì kan náà sọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á gbé owó ẹyọ lé orí apá ẹ̀rọ. Àwo náà kò ní í fò mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kátíríìjì òde òní (orí kékeré tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀) ni a ṣe láti tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀; gíráàmù 1.8 ni àwọn tó ṣe Ortofon 2M Red ní kí a fi tiwọn sí. Owó ẹyọ kan ṣoṣo lè sọ ìwúwo yẹn di ìlọ́po méjì. Abẹ́rẹ́ yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fá ògiri ìlà, bẹ́ẹ̀ ara ògiri yẹn gan-an ni ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo wà, àwọn ohùn tíntín tó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ohun tó ń mú àwo fò kì í sábà jìnnà: eruku wà nínú ìlà, tàbí tábìlì kò dọ́gba, tàbí àwo ti tẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò yóò fi ti tábìlì hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwọ̀n kékeré kan sì wà tí wọ́n ń tà fún wíwọn ìwúwo abẹ́rẹ́, ẹni tó bá ti lówó ẹ̀rọ kò yẹ kí ó ṣaláì ní i.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e ni lílo abẹ́rẹ́ tó ti gbó. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì a máa lo nǹkan bíi wákàtí 500 sí 1,000, ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó ń gbọ́ ojú àwo méjì lóòjọ́ ń lo nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, nítorí náà wákàtí 500 yóò pé fún un ní nǹkan bí ọdún méjì. Ẹ wá ro ti abẹ́rẹ́ tó wà lára rédíògíráámù tí bàbá yín rà ní ọdún 1975, tí gbogbo àdúgbò sì gbọ́ orin rẹ̀ nígbà náà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé àwo kankan tí ẹ fẹ́ràn sí i. Ẹ má sì ṣe lo abẹ́rẹ́ kan fún gbogbo àwo: àwo 78 àtijọ́, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, tó nípọn tó sì máa ń fọ́ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ní ìlà tó fẹ̀ ju ti àwo 33 lọ fíìfíì, ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ 33 yóò máa ta gbọ́ngbọ́n ní ìsàlẹ̀ ìlà rẹ̀; abẹ́rẹ́ 78 yóò sì ba àwo 33 jẹ́ pátápátá.

Nípa fífọ̀, mo ń rí àwọn tó ń fi karosíìnì nu àwo kí ó lè dán. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró rẹ̀ kì í tán nínú ìlà, eruku yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Sípíríìtì ni èyí tó burú jù fún àwo 78, nítorí ṣẹ́lákì ni wọ́n fi ṣe é, sípíríìtì sì ń yọ́ ṣẹ́lákì. Ojú àwo yóò yọ́ lójú yín. Fún àwo 33 àti 45, omi tó mọ́ tí a ro ọṣẹ ìfọbọ́ olómi ìwọ̀nba díẹ̀ sí ti tó, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ tí a ń fi nù ún yípo bí ìlà ṣe lọ, kí a má nù ún dábùú ìlà, kí omi má sì dé ibi bébà àárín rẹ̀. Omi tí a ó fi ṣàn án lẹ́yìn náà ṣe pàtàkì, nítorí omi kànga sábà máa ń fi ohun funfun sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Àwọn kan ń ra omi bátìrì nílé epo fún èyí, ó sì dára bí ó bá jẹ́ omi lásán, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ike rẹ̀ dáadáa, nítorí wọ́n ń ta ásíìdì bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, aṣọ gbígbẹ tí a ń fi ra ojú àwo ń mú kí eruku túbọ̀ fà mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwo ni kí ẹ lò.

Ike PVC ni àwo 33 àti 45, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ooru bá ti ń sún mọ́ 60 °C. Inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ tí a sì pa á sí oòrùn ọ̀sán ní Kútọ̀ lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kí àwo má ṣe wà nítòsí páànù nínú yàrá tí kò ní sílìn, kí a má sì tò ó lé orí ara rẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí èyí tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ru gbogbo ẹrù náà. Òró ni kí a tò ó, kí ó dúró ṣánṣán. Nígbà òjò, ẹ máa yọ wọ́n wò lóòrèkóòrè, torí ohun funfun bí ìyẹ̀fun máa ń hù sí páálí tí kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù na àwo tó ti tẹ̀. Ìlà orin ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́.

Síso ẹ̀rọ ayíwo mọ́ ampilifáyà náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo, wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì ń fi kún ohùn òkè, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RIAA (ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin Amẹ́ríkà) ti ọdún 1954 ti là á sílẹ̀. Ojú ihò tí a kọ PHONO sí ni ohun tó ń dá méjèèjì padà sí ipò wọn wà. Ẹni tó bá ki wáyà bọ ihò tí a kọ AUX sí yóò gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín tó sì lọ sílẹ̀, yóò wá máa yí bóòtìnnì báàsì sókè títí agara yóò fi dá a. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá wọn wá fún ilẹ̀ kì í ṣe ohun àjẹkù. Bí a kò bá so ó, ohùn hùn-ún-hùn-ún yóò máa bá orin jáde. Ẹ má sì gbé sípíkà lé tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ayíwo, torí abẹ́rẹ́ yóò máa gba ìmìtìtì sípíkà padà.

Ẹ̀rọ onífáàfù, ampilifáyà àtijọ́ tó ń fi fáàfù (ohun onígíláàsì bíi gílóòbù tó ń gbóná) mú ohùn lágbára, ń fẹ́ sùúrù ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹni tí ẹ̀rọ oní-tiransísítọ̀ ti mọ́ lára máa ń rò pé kò séwu nínú títan ampilifáyà láìso sípíkà mọ́ ọn. Nínú ti onífáàfù, tiransifọ́mà kan dúró láàárín fáàfù àti sípíkà. Bí orin bá wọ inú rẹ̀ tí kò sì rí sípíkà tí yóò gba agbára náà, fóòtì lè ga nínú rẹ̀ títí wáyà inú yóò fi jó. Kò rọrùn rárá láti rí irú tiransifọ́mà yẹn rà. Kí sípíkà óòmù 8 sì lọ sí ojú ihò tí wọ́n kọ 8 sí.

Iná wa náà ń pa fáàfù. Bí iná bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ, kí iná tó ń padà bọ̀ má bà á ní títàn. Fóòtì 6.3 ni ọ̀pọ̀ fáàfù ń fi gbóná nínú, a sì fẹ́ kí ó má fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀ sí i. Bí iná ilé bá já sí 180, fáàfù yóò máa ṣiṣẹ́ láìgbóná tó, ìyẹn sì ń tètè gbó o. Sitabiláísà ni kí ó wà láàárín.

Bí fáàfù bá ń tàn, ìyẹn kò fi hàn pé ara rẹ̀ le. Ẹ wo inú gíláàsì rẹ̀ níbi orí: ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dán bíi dígí, aláwọ̀ fàdákà. Bí ó bá ti di funfun báláú, afẹ́fẹ́ ti wọlé, fáàfù náà ti kú, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán. Bí irin fẹ̀ẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ bá ń pọ́n rẹ́rẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má sì fi sípíríìtì nu gíláàsì, nítorí nọ́ńbà ara rẹ̀ yóò pa rẹ́, ẹ kò sì ní mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́jà mọ́. Pé fáàfù wọ ihò kò túmọ̀ sí pé òun gan-an ni: ECC82 àti ECC83 ń wọ ihò kan náà, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni EL34 àti 6L6.

Àṣìṣe tó lè gba ẹ̀mí ni ti ẹni tó tú ìdí ẹ̀rọ lẹ́yìn tó ti pa á, tó sì rò pé kò sí iná nínú rẹ̀ mọ́. Kapásítọ̀ inú rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, lè di fóòtì 300 sí 450 mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó mọ fáàfù, tó sì ní mítà lọ́wọ́, ni kí ó ṣí i. Òun náà ni kí ẹ pè bí rédíògíráámù bá ti wà nínú yàrá fún ọdún púpọ̀ láìtàn, nítorí kapásítọ̀ inú rẹ̀ á ti gbẹ, iná tààrà lè bẹ́ ẹ. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ so gílóòbù ìgbàanì, èyí tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, oní-60 tàbí 100 W, sí ojú ọ̀nà iná ẹ̀rọ náà. Ti LED kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gílóòbù bá tàn yòò, tó sì rẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ lè máa tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ń tàn yòò láìrẹlẹ̀, kí ó pa á, kí ó sì yẹ àwọn kapásítọ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó tún tan ẹ̀rọ náà.