Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ọ̀sẹ̀ Ìdánrawò Ìgbà Òtútù: Gígun Yìnyín, Eré Sísá àti Kẹ̀kẹ́

Ètò ọ̀sẹ̀ ìdánrawò ìgbà òtútù tí mo máa ń rí jù ni èyí: gígun ògiri yìnyín pẹ̀lú àáké lọ́jọ́ Ajé, eré sísá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Rú, nígbà tí yóò bá fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n tún ti padà sórí yìnyín. Èrò wọn ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, pé bí wọ́n bá ń ṣe ọ̀kan, ibi tí wọ́n fi ń ṣe èkejì ń sinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ kan náà àti ọwọ́ kan náà ló ń ru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wo ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Ẹni tó ń gun ògiri yìnyín, eyín irin tó yọ síwájú lábẹ́ bàtà ló fi ń dúró, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ẹran yìí ló ń gbé gbogbo ara látàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ wá lọ sáré àsápajúdé lórí òkè, ẹran tó ti rẹ̀ yẹn náà lẹ tún ń lò, ìnira á sì bọ́ sórí iṣan tó so ó mọ́ gìgísẹ̀. Tí iṣan yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro, kì í tètè san. Nítorí náà, ẹ má fi eré tó le tẹ̀lé ọjọ́ yìnyín. Kẹ̀kẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló yẹ lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, torí pé ọwọ́ tó ti fi àáké gbá yìnyín látàárọ̀ kì í rí búréèkì fún dáadáa níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé ìsinmi ni kí ẹ fún yìnyín. Ẹni tó ń gun ṣíwájú lórí okùn tó bá já bọ́ níbẹ̀, eyín irin bàtà lè kọ́ yìnyín lójijì kí ọrùn ẹsẹ̀ kán, bí okùn tilẹ̀ mú un. Ibi tí ó bá ti rẹni ni wọ́n ti máa ń já bọ́.

Lórí ògiri gan-an, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni dídi àáké mú pinpin. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á á mú un bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ á le gbagidi, ìka kò sì ní lè ká mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ yìí bá gígun yìnyín mu gan-an. Bí ẹnu àáké bá ti wọlé dáadáa, ẹ dẹ ọwọ́, ẹ na apá gbọọrọ kí egungun lè gbé yín. Ẹ máa sọ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, torí pé ẹ̀jẹ̀ kì í tó nínú ọwọ́ tó pẹ́ lókè orí. Òtútù á wọ̀ ọ́, á kú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá padà dé, ìrora náà lè le débi pé èébì á máa gbé èèyàn: ìka á máa jó, á máa ta, omijé á máa bọ́. Kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó bá yín níbi tí ẹ ti nílò ọwọ́ méjèèjì.

Ti ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé gìgísẹ̀ sókè, wọ́n rò pé ìyẹn ló ń mú irin wọlé. Ṣe ló ń yọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ wà nílẹ̀ díẹ̀, kí eyín tó wà lẹ́yìn ti iwájú náà lè kan yìnyín.

Ẹ má dúró sábẹ́ ẹni tó ń gun. Àṣíborí ń bo orí, kò bo èjìká, yìnyín tí àáké fọ́ sì lè tóbi ju orí èèyàn lọ. Ẹni tó di okùn mú gbọ́dọ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sì gun nítorí pé ètò ní òní ni ọjọ́ rẹ̀. Òtútù òjijì tó mú gidigidi máa ń jẹ́ kí yìnyín máa fọ́ wúruwúru. Bí ojú ọjọ́ bá sì gbóná, omi á máa ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, á tú kúrò lára àpáta. Bó bá jẹ́ pé òjò dídì (snow) pọ̀ lórí òkè tó wà lókè ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìkìlọ̀ nípa èyí tó lè ya wálẹ̀.

Ní ti eré sísá, aṣọ àpọ̀jù ló ń kó bá wọn. Bí ara yín bá ti gbóná dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti wọ̀ jù. Òógùn á rin aṣọ, aṣọ òwú á sì di òtútù mọ́ yín lára. Ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ, kó lè máa ti yín lẹ́yìn nígbà àbọ̀ tí òógùn bá ti dé. Ẹ má sì dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mu omi, òtútù kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Kẹ̀kẹ́ máa ń dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí òtútù bá jẹ́ dígírì Celsius 10 sísàlẹ̀ òdo, tí afẹ́fẹ́ tó ń lù yín sì tó 30 kìlómítà ní wákàtí kan, bíi 20 sísàlẹ̀ òdo ló máa ń rí lára. Ìka àti etí ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ dojú ìgò omi délẹ̀, torí òkè ni yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí táyà bá bọ́ sórí yìnyín, ẹ má tẹ búréèkì, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kó yí kọjá.

Bí ìka tàbí etí bá funfun, tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹ má ra á, ẹ má yá a níná. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà láàárín dígírì 37 sí 39 ni kí ẹ kì í bọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣeé ṣe kó tún dì kí ẹ tó délé, ẹ má tíì yọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.