Fáníṣì Ìkẹyìn Fẹ́ Ba Iṣẹ́ Oṣù Méjì Jẹ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ère márùn-ún ni mo fi oṣù méjì kùn, láti ojú dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wọn funfun bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Fáníṣì tí mo rà kó lè dáàbò bo iṣẹ́ náà ló ṣe é. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Dàyórámà kékeré kan, ìyẹn ìran tí wọ́n fi àwọn ère kéékèèké tò, ni mo ń ṣe: ọkọ̀ akẹ́rù kan bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mẹkáníìkì ti ki orí bọ ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ káwọ́ lérí, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ dání, ọkùnrin méjì sì dúró ń wòran. Ìwọ̀n 1/35 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ga ní mítà 1.8, ère rẹ̀ á ga tó nǹkan bíi mìlímítà 51, orí rẹ̀ kò sì ní ju hóró àgbàdo lọ.

Ẹni tó bá ti to irú nǹkan yìí rí mọ bí wọ́n ṣe ń gé e, tí wọ́n ń ha á, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́. Kìkì pé résìn, ohun olómi tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù títí tó fi gan, ni tèmi, gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ ike kì í mú un, àfi èyí tó ń gan lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kun ohunkóhun sí i, nítorí òróró inú mọ́ọ̀dù ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Inú omi sì ni kí ẹ ti fi sáńpépà ha á, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọ̀ ara wọn ni mo fi ń yangàn. Ọ̀dà tí wọ́n kọ “àwọ̀ ara” sí lára, ara òyìnbó ló sábà máa ń wà fún, àwọn èèyàn tèmi sì dúdú. Mo po búráùn pọ̀ mọ́ pupa díẹ̀ àti yẹ́lò díẹ̀. Níbi tí òjìji bá sí, mo fi búlúù tó ṣú sí i dípò dúdú pátápátá, torí dúdú lásán máa ń jẹ́ kí ojú dà bí èédú. Nígbà tí mo fi èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kan iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ awakọ̀ náà, ńṣe ló dà bíi pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó wá ku fáníṣì tí kì í dán, kí ara wọn má baà máa kọ mànà bí ẹni tí òjò pa. Inú agolo tí wọ́n ń fọ́n ni tèmi wà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mi agolo náà díẹ̀, mo sì fọ́n ọn.

Nígbà tó funfun, mo ní bóyá tó bá gbẹ, á lọ. Ilẹ̀ mọ́, ó tún wá le sí i. Mo tún fọ́n òmíràn lé e, ó tún funfun sí i. Ni mo bá fi sípíríìtì tọ́ ojú awakọ̀ wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo fi alẹ́ mẹ́ta kùn sì bá òwú jáde. Mo dìde kúrò nídìí tábìlì, mi ò sì padà débẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ohun tó fà á kò le rárá. Lẹ́búlẹ́bú tó ń pa dídán máa ń wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo. Bí a kò bá mì í fún ìṣẹ́jú bíi méjì, á jáde ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀. Bí fáníṣì bá sì ń yára gbẹ, ojú ibẹ̀ á tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì há sínú rẹ̀. “Mì í dáadáa” nìkan ni wọ́n kọ sára agolo náà. Wọn ò sọ iye ìṣẹ́jú, wọn ò mẹ́nu ba òjò. Ìwà àìbìkítà gbáà ni.

Fáníṣì tó ń dán ló yọ mí. Mo dúró de ọ̀sán tí oòrùn ràn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun èyí tí wọ́n fi omi ṣe, ó sì fẹ́lẹ́. Funfun náà ń parẹ́ lójú mi, aró aṣọ obìnrin náà sì padà bọ̀ sípò. Inú mi dùn débi pé mo kígbe. Lọ́jọ́ kejì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun èyí tí kì í dán lé e. Yàtọ̀ sí ojú awakọ̀, ìṣẹ́po aṣọ kan ṣoṣo ni mo tún kùn.

Mi ò ní fọ́n fáníṣì sórí ère mọ́ láé. Ẹni tó bá máa fọ́n ọn, kó kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù ike tó ti kùn, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ.

Ojú awakọ̀ ni mo ṣe kẹ́yìn. Ó gba alẹ́ méjì, ó sì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí, ó káwọ́ lérí. Ó ku eruku tí mo fẹ́ kùn sí táyà.