Bí ẹ ṣe máa ṣe backup fáìlì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí ilé ìwòsàn yín

Ẹ̀yin akọ̀wé alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn àti iléèwé àdáni l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ, lórí backup, ìyẹn ẹ̀dà fáìlì tẹ́ ẹ tọ́jú síbòmíì. Tí n bá dé ọ́fíìsì tí mo ní backup dà, hard disk kan ni wọ́n máa nawọ́ sí, ó ti wà lára kọ̀ǹpútà látọdún tó kọjá, eruku ti bò ó. Ìyẹn kọ́ là ń pè ní backup o. Tí NEPA bá gbé iná tó ga jù wá, méjèèjì ló máa jó, tí olè bá wọlé á kó méjèèjì, tí ransomware, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó lọ́wọ́ yín, bá sì ráàyè wọ kọ̀ǹpútà yẹn, gbogbo ohun tó so mọ́ ọn ló máa tì pa.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ jókòó ti alága kẹ́ ẹ dáhùn méjì yìí: iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ló lè sọ nù tá a ṣì máa lè tún un kọ? Báwo la ṣe lè pẹ́ tó láìṣiṣẹ́ káwọn èèyàn tó máa pariwo? Iléèwé lè fara da ọ̀sẹ̀ kan tí kì í bá ti í ṣe àsìkò ìdánwò. Alájẹṣẹ́kù ò lè fara da ọjọ́ kan, owó olówó ni, ìyá tó dáwó láàárọ̀ ní Takie ò fẹ́ gbọ́ pé kọ̀ǹpútà kú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbowó, ẹ ṣe backup kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni 3-2-1: kọ́pì mẹ́ta, ti orí kọ̀ǹpútà wà lára ẹ̀, lórí nǹkan méjì tí ò jọra, kí ọ̀kan sì jáde kúrò nínú ọgbà pátápátá. Ẹ ra hard disk méjì, ẹ fi máńkà kọ A àti B sí wọn lára. Tí A bá wà lọ́fíìsì, kí B wà nílé akápò, ẹ máa pààrọ̀ wọn ní Friday. Èyí tó ń jáde, ẹ fi password tì í, ẹ má kọ password ọ̀hún sórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ jọ̀ọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti kó fáìlì sí i tán, ẹ yọ wáyà ẹ̀. Lọ́dún 2017 tí fáírọ́ọ̀sì NotPetya ya wọ Maersk, àwọn olókoòwò ọkọ̀ òkun ńlá ti Denmark yẹn, ó ba àwọn sávà tó ń mójú tó àkáǹtì òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ káàkiri ayé, ẹyọ kan péré ló yè, Ghana ló wà, ohun tó sì kó o yọ ni pé iná ti lọ níbẹ̀ nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ń jà. Àwa tá à ń ṣépè fún NEPA! Àmọ́ ẹ má dúró de NEPA, ọwọ́ ara yín ni kẹ́ ẹ fi yọ ọ́.

Cloud náà, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ lè kó fáìlì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dáa, kó máa gbé fáìlì lọ lóru. Ẹ má kàn gbára lé e nìkan, ẹ ṣáà rántí March 2024 tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, tí báńkì ò ṣeé lò. Google Drive tó ń bá fódà yín rìn pọ̀, tẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ́ níbí, á pa rẹ́ lọ́hùn-ún, ọjọ́ 30 ló máa lò nínú trash kó tó lọ pátápátá. Tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà ìṣírò owó ni, ẹ má kọ́pì fódà ẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣí, inú sọ́fítíwíà yẹn ni kẹ́ ẹ ti tẹ backup.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í dé rèé: ẹ dán an wò. Ẹ yá laptop tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì, ẹ kó backup sí i, ẹ ṣí àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan, ẹ gbé páásìbúùkù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé owó tó kù bára mu, ṣé ẹ̀yáwó oṣù tó kọjá hàn? Ẹ wo aago pẹ̀lú. Tó bá gbà yín ní odindi ọjọ́ kan, tó sì jẹ́ wákàtí méjì lẹ sọ fún alága, ẹ tètè lọ sọ fún un.

Tí olè bá gbé hard disk tí orúkọ àti àìsàn èèyàn wà lórí ẹ̀ lọ, tí ìyẹn sì lè kó bá wọn, òfin Nigeria Data Protection Act 2023 ní kẹ́ ẹ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni aráàlú, létí láàárín wákàtí 72 tẹ́ ẹ bá ti mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe ìyẹn sórí ìwé báyìí, pẹ̀lú ibi tí A àti B wà, kí èèyàn méjì ó kéré tán mọ password.