Bí A Ṣe Ń Tún Gọ́tà Àdúgbò Ṣe Kí Àgbàrá Má Baà Wọlé

Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìgboro. Nítorí náà, àdúgbò tí ó bá fẹ́ tún gọ́tà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń já sódò, kí ó máa gun òkè bọ̀. Ẹni tí ó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, orí àwọn ará ìsàlẹ̀ ni ó ń da omi sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, kí ipa ẹrẹ̀ tó ṣí kúrò lára ògiri, ẹ fi ọ̀dà sàmì síbi tí omi ga dé. Àmì wọ̀nyí ni kí ẹ fi han ẹnjiníà tí yóò sọ bí gọ́tà yóò ṣe fẹ̀ tó.

Ìdàgẹ̀rẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà a máa fojú díwọ̀n rẹ̀, gọ́tà á sì dára lójú, ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, omi á dúró láàárín, iyanrìn á rọlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á há mọ́ iyanrìn, ọdún kò sì ní yípo kí ó tó dí. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gọ́tà fi mìlímítà 5 lọ sílẹ̀, èyí tí yóò di ìdajì mítà ní mítà 100. Ẹ kò nílò láti háyà ẹ̀rọ awọnlẹ̀: rọ́bà gígùn tí ojú ń rí inú rẹ̀, tí a rọ omi sí, tí afẹ́fẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀, ti tó, nítorí pé omi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò ní ṣàì dọ́gba. Ẹ kan èèkàn ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ ta okùn, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀ tán, kí wọ́n tó da kọnkéré. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dọ́gba níkẹyìn, ẹ má gbà. Irú ìrẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ṣí.

Ẹ má ṣe gba páìpù tóóró lábẹ́ ojú géètì ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ẹni ńlá tó. Kí ìdérí gọ́tà jẹ́ èyí tí ènìyàn méjì lè fi irin ọwọ́ rẹ̀ gbé, kí kíkó rẹ̀ lè rọrùn. Ìdọ̀tí tí ẹ bá kó jáde, ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé èyí tí ó bá sùn sétí gọ́tà, òjò tí ó kàn ni yóò dá a padà sínú rẹ̀.